Bọ́kẹ́ẹ̀tì bokashi, àpótí ekòló àbí ẹ̀rọ oníná: èwo ló bá ilé yín mu?

Ẹni tó bá fẹ́ máa sọ àjẹkù oúnjẹ di ajílẹ̀ nínú ilé, tí kò ní àgbàlá tó lè kó pàǹtírí jọ sí, nǹkan mẹ́ta ló máa bá lórí àtẹ. Àkọ́kọ́ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí tí oúnjẹ ti ń kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bokashi. Èkejì ni àpótí ekòló. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ oníná tó ń mú kí oúnjẹ gbẹ, tó sì ń lọ̀ ọ́ kúnná. Àwọn tó ń tà wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oúnjẹ tí èyí gbà, ìyẹn á kọ̀ ọ́. Ohun tó jáde nínú ọ̀kan ṣeé dà sídìí òdòdó lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú ti òmíràn, gbòǹgbò òdòdó ọ̀hún á jóná.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó tàbí bí ike rẹ̀ ṣe wu ojú tó. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ẹni tó bá ní kí n bá òun yàn. Kí ló pọ̀ jù nínú àjẹkù yín? Ibo lẹ máa gbé e lọ tó bá ti ṣe tán? Ìkejì yìí ló le. Ilé ìdáná lọ̀pọ̀ èèyàn ń rò, wọn kì í ro ti iyẹ̀pẹ̀ tó máa gbà á, nígbà tó sì jẹ́ pé iyẹ̀pẹ̀ ló máa sọ bóyá owó tí wọ́n ná tọ́ tàbí kò tọ́.

Ohun tí kíkan ń ṣe sí oúnjẹ

Oúnjẹ tí a kó sínú ike lásán máa ń jẹrà, á rùn, eṣinṣin á yé sí i, ìdin á sì tẹ̀ lé e. Bokashi ò jẹ́ kó débẹ̀. A ò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, a ó sì wọ́n èèrí àlìkámà tàbí ti ìrẹsì tí bakitéríà kan pàtó ti wà nínú rẹ̀ sí i. Lára àwọn bakitéríà náà, èyí tó ń mú wàrà kan ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n á jẹ ṣúgà inú oúnjẹ, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì. Bí ásíìdì ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pH inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn òṣùwọ̀n tó máa ń wálẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, á máa wálẹ̀, títí yóò fi súnmọ́ 4 tàbí kó tilẹ̀ rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan rùn ò lè gbé nínú irú kíkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ náà ò tíì jẹrà. Ó kan ni. Tí ẹ bá ṣí ìdérí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kárọ́ọ̀tì á ṣì jọ kárọ́ọ̀tì, èèpo ẹyin á ṣì wà bó ṣe wà, òórùn bíi ti fínígà ló sì máa kí yín káàbọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò ṣiṣẹ́, á sì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ti ṣiṣẹ́, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ni. Inú iyẹ̀pẹ̀ ni ìdajì tó kù wà. Bí ẹ bá sin ín sílẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, agbára káká lẹ ó fi dá nǹkan kan mọ̀ nínú rẹ̀ mọ́, àyàfi eegun, èèpo ẹyin àti kóró èso tó le. Ilẹ̀ tútù máa ń fa iṣẹ́ yìí gùn.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé bokashi ń ṣe ajílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọjà ló ń tà. Ohun tó ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni oúnjẹ kíkan tí ilẹ̀ lè tètè jẹ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Japan ti ń po èèrí ìrẹsì mọ́ iyẹ̀pẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀ kíkan fún oko. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni orúkọ Teruo Higa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọ̀gbìn ní Yunifásítì Ryukyus ní Okinawa, wá tàn kálẹ̀ pẹ̀lú àpòpọ̀ kan tó pè ní EM. Bakitéríà tó ń mú wàrà kan, ìwúkàrà, àti bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró ló pò pọ̀ sínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú èèrí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí, EM tàbí ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á fi omi àti mọlásíìsì, ìyẹn omi ṣúgà dúdú tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ìrèké ṣe ṣúgà, pò ó mọ́ èèrí àlìkámà tàbí ti ìrẹsì, wọ́n á dé e pa títí yóò fi kan, wọ́n á wá sá a gbẹ.

Àwọn kan ti gbé EM ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Zurich, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, àwọn onímọ̀ lò ó nínú oko láti 2003 sí 2006. Wọ́n tún lo irú kan tí wọ́n ti pa àwọn kòkòrò inú rẹ̀, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n po EM mọ́ ló fà á, torí òun náà ní oúnjẹ tí ewéko ń jẹ. Kì í ṣe àwọn bakitéríà tó wà láàyè. Èyí ò ní kí bokashi má ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná, torí kíkan nìkan là ń wá níbẹ̀, ó sì ń kan dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí èèrí tí owó rẹ̀ ga fíofío nítorí pé àkọlé ara rẹ̀ ní yóò jí ilẹ̀ tó ti kú dìde, ẹ kọjá lára rẹ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì bokashi: ilé tí gbogbo nǹkan ń ṣẹ́kù

Ohun tó mú bokashi ta àwọn yòókù yọ ni pé kò yan oúnjẹ. Ẹran, ẹja, wàràkàṣì, oúnjẹ sísè, búrẹ́dì, ọsàn, àlùbọ́sà, gbogbo ohun tí ekòló ń yínmú sí ló ń gbà. Ilé tí ọmọdé pọ̀ sí, tí àjẹkù àwo ò sì tán, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí ekòló. Ohun mẹ́ta ni mi ò ní kó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì: ohun tó ń ṣàn bí omi, eegun ńlá, àti oúnjẹ tó ti bu ebu aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, torí ìyẹn á kó àwọn kòkòrò tí a ń lé sá wọlé wá.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ gé nǹkan wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ wọ́n èèrí bíi ṣíbí ìjẹun méjì lé e lórí, kí ẹ fi kún un tó bá jẹ́ ẹran tàbí ẹja ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi àwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dé e pa. Tí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, ṣíṣí léraléra ló sábà máa ń fà á ju àìtó èèrí lọ. Ó sàn kí ẹ máa kó àjẹkù ọjọ́ kan jọ sínú abọ́ kékeré, kí ẹ sì dà á síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, ju kí ẹ máa ṣí ìdérí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti bó èso.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà 15 sí 20 ló wọ́pọ̀. Nígbà tó bá kún, ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ni yóò fi wà ní dídé kí ẹ tó gbé e lọ sílẹ̀. Ebu funfun tó bá bò ó bí òwú kò burú. Àmì pé ó ń ṣe dáadáa ni. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, tí òórùn rẹ̀ sì jọ ti òkú ẹran dípò nǹkan kíkan, afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tàbí omi ti pọ̀ jù nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ni, ẹ yọ ibi tó bàjẹ́ kúrò, ẹ fa omi rẹ̀ jáde, ẹ da èèrí púpọ̀ sí i, ẹ dé e padà. Bó bá ti gba gbogbo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ lọ sin ín jìn sílẹ̀, kí ẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Omi tó ń sọ̀kalẹ̀ sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ máa fà á jáde ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra. Àwọn kan ń polówó rẹ̀ bíi pé àgbo gbogboǹṣe ni. Ajílẹ̀ olómi tí agbára rẹ̀ ń yí padà láti bọ́kẹ́ẹ̀tì dé bọ́kẹ́ẹ̀tì ni, ó sì kan gan-an. Ìwọ̀n kan rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n omi ni kí ẹ lò ó, ìdí òdòdó ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe orí ewé, ọjọ́ tí ẹ fà á ni kí ẹ sì lò ó, torí kò ṣeé tọ́jú. Mi ò ní dà á sára ewébẹ̀ tí a máa jẹ ní tútù. Tí ẹ ò bá ní òdòdó, ẹ dà á sínú ihò ìdọ̀tí omi, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Àléébù rẹ̀ tó ń rìn pẹ̀lú rẹ̀ títí lọ ni èèrí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rà á. Èèrí, ẹ ó máa rà á tàbí kí ẹ máa ṣe é fúnra yín níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń jẹun.

Àpótí ekòló: ilé ewébẹ̀ àti èso

Ekòló tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tó máa ń yọjú lẹ́yìn òjò. Ìyẹn fẹ́ràn ilẹ̀ jíjìn, kò sì ní pẹ́ kú nínú àpótí. Eisenia fetida ni wọ́n ń lò jù, ekòló pupa kékeré tó ń gbé nínú ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹran. Ibi tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, tí kò sì tutù ju 15 lọ, ló wù ú jù. Tó bá ti kọjá 30, wọ́n á máa wá ọ̀nà sá jáde, àwọn tí kò bá rí ọ̀nà á kú. Irú kejì tó ń jẹ́ Eudrilus eugeniae ń fara da ooru jù ú lọ, òtútù ni kì í fẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ekòló, ẹ kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n ooru sí ibi tí àpótí máa wà ní ọ̀sán, ẹ wò ó.

Wọ́n máa ń sọ pé ekòló ń jẹ ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́. Òótọ́ ni tí gbogbo nǹkan bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí wọ́n sì ti mọ ibẹ̀ lára. Kílò kan ekòló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní jẹ ìdajì kílò oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá da oúnjẹ lé wọn lórí nítorí ìṣirò yìí, oúnjẹ náà á gbóná, á rùn, àwọn ekòló á sì kú sínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni. Tí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ fún wọn ní òmíràn.

Èèpo ewébẹ̀ àti ti èso, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ewé tíì, èèpo ẹyin tí a lọ̀: ìyẹn ni oúnjẹ wọn. Ẹran, wàrà, òróró àti iyọ̀ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ọsàn àti àlùbọ́sà ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Páálí àti ìwé ìròyìn tí a ya wẹ́wẹ́ ni ibùsùn wọn, kí ó tutù bí aṣọ tí a fún omi rẹ̀ kúrò. Ẹ máa fi ibùsùn yìí bo oúnjẹ ní gbogbo ìgbà. Eṣinṣin kéékèèké tí gbogbo èèyàn ń ráhùn sí, oúnjẹ tó wà ní gbangba ló ń pè wọ́n.

Ibi tí àpótí ekòló ti borí pátápátá ni ìparí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ìgbẹ́ ekòló dúdú tó rọ̀, tó ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, lẹ máa kó jáde. Kò nílò kí ẹ sin ín, kò nílò kí ẹ dúró. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìkòkò òdòdó, ó tán. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ní ìkòkò òdòdó bíi mẹ́fà lójú fèrèsé, tí kì í sì í se ẹran púpọ̀, mi ò ní kó máa wo ibòmíràn. Ekòló ò sì ń béèrè owó oṣù. Tí ẹ bá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ àti ìwé tútù púpọ̀, ẹ máa bá wọn láàyè.

Ohun kan tí àwọn ìtọ́sọ́nà kì í fẹ́ sọ ni pé àwọn kan nínú ilé ò lè fojú rí ekòló. Ẹ bi ará ilé yín kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ẹ̀rọ oníná: kí ló ń ṣe gan-an?

Ó ń fi ooru lé omi kúrò lára oúnjẹ, ó ń lọ̀ ọ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ohun tó kún abọ́ á di ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun. Ó mọ́ tónítóní, kò rùn, kò sí ìdin. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oúnjẹ gbígbẹ ṣì ni ìyẹ̀fun náà. Kò sí bakitéríà kankan tó tíì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Tí ẹ bá dà á sínú ìkòkò òdòdó tí ẹ sì bomi rin ín, ó máa ń bu, ó sì lè rùn, ìgbà yẹn gan-an ni jíjẹrà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá gbòǹgbò. Àfi kí ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bíi ti bokashi.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń fi bakitéríà sínú, tó ń ro wọ́n pọ̀, tó sì ń mú inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sántòru. Wọ́n súnmọ́ ajílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ohun tó ń jáde níbẹ̀ náà ṣì máa ń fẹ́ àkókò díẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ kó tó tó lò fún ewéko. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí dáadáa: tí wọ́n bá ní wákàtí mẹ́rin tàbí mẹ́fà ló ń gbà, gbígbẹ ni.

Tèmi ni pé ẹ̀rọ yìí wúlò fún ẹni tí wọ́n ń wá kó àjẹkù oúnjẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí kò fẹ́ kó rùn kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní fìrísà tó láàyè, iṣẹ́ kan náà ni fìrísà á bá a ṣe. Ẹ kó àjẹkù sínú ike, ẹ gbé e síbẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n máa kó o. Kò sí àsẹ́ èédú tó ń gba òórùn mọ́ra, bíi ti ẹ̀rọ, tí ẹ ó máa pààrọ̀, kò sí ariwo.

Wọ́n rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Bokashi | Ekòló | Ẹ̀rọ oníná |
|---|---|---|---|
| Ẹran, ẹja, oúnjẹ sísè | Ó ń gbà á | Rárá | Ó ń gbà á, eegun líle kọ́ |
| Kí ẹ tó kó o jáde | Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá kún | Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà | Wákàtí díẹ̀ |
| Ohun tó ń jáde | Oúnjẹ kíkan, ilẹ̀ ló máa parí rẹ̀ | Ajílẹ̀ tó ti parí | Oúnjẹ gbígbẹ tó kúnná |
| Owó tí ò dáwọ́ dúró | Èèrí | Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí | Iná àti àsẹ́ |
| Ohun tó ń tètè bà á jẹ́ | Afẹ́fẹ́ | Ooru àti àjẹjù | Oúnjẹ olómi àti ohun tó lẹ̀ |

Ẹni tó bá ti mú bokashi, ó ṣì ní nǹkan láti yàn

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àbí méjì? Méjì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Nígbà tí àkọ́kọ́ bá wà ní dídé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ ń jẹun lọ, àjẹkù á sì nílò ibi tó máa wọ̀. Ẹni tó ra ẹyọ kan á padà sí ike ìdọ̀tí ní ìdajì oṣù.

Onítáàpù àbí aláìnítáàpù? Táàpù dára lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti kóró máa ń dí i, tí kò bá sì dé dáadáa afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ń wọnú ara wọn, tí ẹ lu ihò kéékèèké sí ìdí ti inú, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ óò kàn gbé ti inú sókè, ẹ da omi tó wà nínú ti ìsàlẹ̀ nù. Wíwúwo rẹ̀ nìkan ni wàhálà rẹ̀, torí náà ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó ra onítáàpù. Èyí tó wù kí ẹ mú, ìdérí ni kí ẹ fi owó lé lórí. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Bí omi bá jò, afẹ́fẹ́ náà á wọlé.

Èèrí gbígbẹ àbí omi tí à ń fọ́n? Omi fífọ́n sábà máa ń dínwó, ó sì ń dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ó ń fi omi kún ohun tó ti tutù tẹ́lẹ̀. Èèrí ń fa omi mu. Bí èso àti tíì bá pọ̀ nínú àjẹkù yín, èèrí ni. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì àti oúnjẹ gbígbẹ ló pọ̀, omi fífọ́n á ṣe é. Ibi gbígbẹ tí oòrùn ò dé ni kí ẹ tọ́jú èèrí sí, nínú ike tó dé pa.

Ẹni tí kò fẹ́ máa ra èèrí lè ṣe é. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ fi aṣọ bo ojú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi máa kan díẹ̀. Ẹ da ìwọ̀n kan rẹ̀ sínú ìwọ̀n mẹ́wàá wàrà. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó dì á léfòó, omi tó mọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ á wà nísàlẹ̀. Omi yẹn la fẹ́. Bakitéríà tó ń mú nǹkan kan ló kún inú rẹ̀. Ẹ fi mọlásíìsì díẹ̀ àti omi tí kò ní klọ́ríìnì là á, ẹ fi pò èèrí títí tí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tó máa dúró láìsí omi tó ń kán. Ẹ kó o sínú ọ̀rá tàbí ike, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dé e fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ń ta sánsán bíi nǹkan kíkan tó dùn, ẹ lè lò ó bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ sá a gbẹ. Kò ní ìwúkàrà àti àwọn bakitéríà yòókù tó wà nínú EM, síbẹ̀ oúnjẹ á kan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Tí ẹ bá ní ilẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ da ohun inú bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀, ẹ bò ó. Bíbò tó jìn ni kì í jẹ́ kí ajá àti eku hú u. Ẹ má gbin nǹkan sórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, torí ásíìdì yẹn á ba gbòǹgbò tuntun jẹ́. Ìdí igi tó ti dàgbà ò ní wàhálà, tí kò bá sáà ti kan gbòǹgbò gan-an.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè ṣe ilẹ̀ sínú àpótí, èyí sì ni apá tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ tí ẹ bá ń ra bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá àpótí ike ńlá, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò òdòdó tó ti gbó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ da oúnjẹ kíkan sí i, ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó tó ìwọ̀n rẹ̀ tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀, kí ẹ wá fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó lórí. Àpótí yìí yàtọ̀ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì: ó gbọ́dọ̀ máa mí, ẹ má ṣe dé e pa. Òórùn kíkan á wà fún ọjọ́ díẹ̀, ooru díẹ̀ á jáde, ebu lè yọ lójú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, iyẹ̀pẹ̀ lẹ ó máa rí. Ẹ kó ìdajì lọ fún òdòdó, ẹ fi ìdajì pò bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kàn. Ẹ rántí pé iyẹ̀pẹ̀ tútù wúwo. Kí ẹ mọ ibi tí àpótí á wà kí ẹ tó kún un, torí ẹ ò ní lè gbé e mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ so méjèèjì pọ̀, kí bokashi gba gbogbo oúnjẹ, kí ekòló wá parí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé tó ń jẹ ẹran tó sì ní òdòdó púpọ̀. Ẹ má da ohun kíkan lé ekòló lórí lójijì o. Ẹ fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ná, ẹ po èèpo ẹyin lílọ̀ àti páálí mọ́ ọn, ẹ wá gbé díẹ̀ sí igun kan àpótí. Wọ́n á kọ́kọ́ sá fún un. Tí kíkan rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, wọ́n á wá a lọ fúnra wọn.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yàn fún yín

Ilé ńlá tí ń se oúnjẹ lójoojúmọ́, tó sì ní àyè ilẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ: bokashi, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni kan tàbí méjì tó ń jẹ ewébẹ̀ àti èso jù, tí inú ilé wọn kì í gbóná jù: ekòló. Ẹni tí inú ilé rẹ̀ ń gbóná gan-an, tí kò ní ilẹ̀, tó sì fẹ́ràn òdòdó: bokashi pẹ̀lú àpótí iyẹ̀pẹ̀, torí kíkan ń tètè lọ nínú ooru nígbà tí ekòló ń jìyà. Ẹni tí kì í fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan tó ti ń jẹrà rárá, tí wọ́n sì ń wá kó ìdọ̀tí oúnjẹ lọ́dọ̀ rẹ̀: fìrísà, kó sì fi owó ẹ̀rọ ra nǹkan mìíràn.

Ó ku ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò gbin nǹkan kan, tí ẹnikẹ́ni ò sì ń wá kó nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ tí kò fẹ́ máa da oúnjẹ nù. Kó tó ra ohunkóhun, kó kọ́kọ́ wá ẹni tó ní ọgbà tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti rí i, bokashi ló yẹ ẹ́ jù: bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún, tí wọ́n fa omi rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì dé pa, lè dúró fún oṣù mélòó kan láìrùn síta, títí ọjọ́ tí ọlọ́gbà á fi ní òun ti gbẹ́ kòtò.